Alára Líle Ni Kó Kọ́kọ́ Jẹun

Afínjú ni wọ́n ń pè é láti kékeré, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Bí wọ́n bá gé búrẹ́dì fún un, á kọ́kọ́ yí i síwá sẹ́yìn, á fẹ́ ẹ fúù, á wá bi ẹni tó gé e bóyá ó fọwọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ náà, ó sì fi kún un pé ọkùnrin tó bá máa fẹ́ ẹ yóò ní láti kọ́kọ́ wẹ̀ fún odidi oṣù kan. Ọkùnrin náà kò tíì dé. Bóyá ó ṣì wà ní balùwẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ síbi tó jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́ ọ fún. Yàrá ìwádìí ni, ní àjà òkè pátápátá nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Kí ènìyàn tó wọbẹ̀, á bọ́ bàtà, á wọ òmíràn. Á fọwọ́ dé ìgúnpá. Á wọ kóòtù funfun, á bo irun, á bo imú, á wọ ìbọ̀wọ́, á sì tún wá fi oògùn apakòkòrò nu ìbọ̀wọ́ ọ̀hún bí ẹni pé òun náà jẹ̀bi nǹkan. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ni wọ́n ń sìn nínú yàrá náà. Wọ́n ń sìn ín bí ẹní ń sin adìyẹ: wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń pààrọ̀ omi rẹ̀, wọ́n ń pín in sí ilé méjì bó bá ti pọ̀ jù, inú wọn sì ń bàjẹ́ bó bá kú láìnídìí. Àpótí olóoru kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n ń to àwọn abọ́ pẹlẹbẹ kéékèèké sí, ooru inú rẹ̀ kò ju ti abíyá lọ. Àpótí onígíláàsì kan tún wà láàárín, atẹ́gùn mímọ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀ láìdákẹ́, ibẹ̀ sì ni Afínjú máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí á ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ tí á máa fi pìpẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi, bu oúnjẹ fún ohun tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn náà ló gbé e débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀.

Gẹ́rígẹ́rí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, dígí ńlá kan wà níbẹ̀, àga méjì, àti kílípà mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni ń bá ajá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn ènìyàn tó ti kó lọ sí òdìkejì ìlú ṣì ń padà wá bá a. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéyàwó, apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kó tó parí orí kan. Àwọn kan ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Àwọn kan ní obìnrin ló pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀rù onítọ̀hún sì ń bà á. Nígbà tí kò lè gbé apá kọjá èjìká mọ́, ó fi ayùn gé ẹsẹ̀ àga oníbàárà kúrú, kí orí ènìyàn lè wá bá a nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ń pàṣẹ níbi iṣẹ́ wọn á wá jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ní iṣẹ́ gẹ́rígẹ́rí ti wá di iṣẹ́ ọba, nítorí kò sẹ́ni tó ń gẹrun lọ́dọ̀ òun tí kì í kúnlẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà rí lára rẹ̀ nìyí. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó wà lára ènìyàn, àpò bíńtín kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ààtàn rẹ̀. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá jẹ kù, ibẹ̀ ló ń kó o dà sí, àwọn èròjà kan sì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n tú ìdọ̀tí náà palẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà kò sí lára gẹ́rígẹ́rí. Ṣúgà tó yẹ kó tú palẹ̀ nínú iṣan rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń pọ̀ sí i, títí ààtàn fi gbalé mọ́ onílé lọ́wọ́. Iṣan apá ló kọ́kọ́ mú, ó bọ́ sí itan, ní báyìí ó ti kan iṣan tí ènìyàn fi ń mí. Ogún ni. Àbùkù kan wà lára bàbá wọn tí kò mọ̀, irú rẹ̀ wà lára ìyá wọn tí òun náà kò mọ̀, ara àwọn méjèèjì sì le koko títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n sì kú. Ọmọ tó bá gba ti bàbá tó tún gba ti ìyá ni ìyà ń jẹ. Àkọ́bí gba méjèèjì. Afínjú, tí wọ́n bí tẹ̀ lé e, kò gba ìkankan.

Ogún tí a kò pín dọ́gba máa ń dájà sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò dá a sílẹ̀ láàárín wọn. Ìtìjú ló dá sílẹ̀ nínú Afínjú, irú èyí tó máa ń mú ènìyàn tí òjò bá pa gbogbo ilé tí aṣọ tirẹ̀ nìkan sì gbẹ. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn wá iṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń wádìí irú àìsàn yẹn ni.

Ní yàrá ìwádìí, wọ́n bu awọ bíńtín lápá gẹ́rígẹ́rí, wọ́n fi oògùn tan sẹ́ẹ̀lì awọ náà títí ó fi gbàgbé pé awọ ni òun. Ó padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, irú ohun tí gbogbo wa jẹ́ nínú oyún kí ọ̀kan tó lọ di ojú tí òmíràn sì lọ di èékánná. Bí ìgbà tí télọ̀ tú ṣòkòtò tó sì padà di aṣọ tí a kò tíì gé ni. Wọ́n wá tún àbùkù àjogúnbá yẹn ṣe nínú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ di iṣan. Bí iṣan ọ̀hún bá lè palẹ̀ ìdọ̀tí ara rẹ̀ mọ́ nínú abọ́, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan kí wọ́n dá irú rẹ̀ padà sára ẹni tó ni ín.

Àṣà méjì wà nínú yàrá náà tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀. Èkíní, ẹnikẹ́ni tó bá wọṣẹ́ á fi awọ ara rẹ̀ bíńtín sílẹ̀, wọ́n á sọ ìyẹn náà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Aláìsàn kò wọ́n nílé ìwòsàn, alára líle ló wọ́n; bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá máa mọ ohun tó wọ́ gbọ́dọ̀ gbé èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awọ Afínjú sì dára jù lọ fún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá kan náà, ìyá kan náà. Ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tó ń fi okùn gbé awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò kọ́kọ́ fẹ́ kó fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì ẹbí rẹ̀ rárá. Ó ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Afínjú bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ta ni yóò tún ṣe é ní mímọ́ tó òun. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, Ọ̀gá sì gbà.

Àṣà kejì ni pé alára líle ni kó kọ́kọ́ jẹun. Abọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ láràárọ̀, ti aláìsàn á gbẹ̀yìn, kí nǹkan burúkú má baà ti ara aláìsàn gun pìpẹ́ẹ̀tì bọ́ sára èyí tó dá ṣáṣá. Òótọ́ ni pé àìsàn àjogúnbá kì í ràn, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

Sẹ́ẹ̀lì gẹ́rígẹ́rí ò gbádùn rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n tún àbùkù rẹ̀ ṣe tán, abọ́ kan kú, òmíràn kú, àwọn tó kù ń rákò bí ẹni tí kò jẹun kánú. Ojoojúmọ́ ni Afínjú ń wò wọ́n nínú maikirosíkóòpù tí á máa pòṣé nínú ìbòmú rẹ̀. Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan tí abọ́ kan ṣàdédé ta jí. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, wọ́n kún abọ́, wọ́n pín wọn sí òmíràn, ìyẹn náà kún. Wọ́n ní kí wọ́n di iṣan, wọ́n di iṣan, wọ́n tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n wá da oògùn aláwọ̀ sí i, èyí tó máa ń pọ́n níbi tí ìdọ̀tí bá wà. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá da oògùn yẹn sí iṣan gẹ́rígẹ́rí, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí ibi tí epo dà sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ́ tónítóní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá tó jẹ́ pé ẹ̀rín kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó tún wò ó. Ó wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò ìdánimọ̀, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ dájú pé sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ jẹ́ ti ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Àyẹ̀wò náà á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Afínjú gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Bùọ̀dá mi, ó ti ṣe é! Iṣan yín palẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ojú ara mi ni mo fi rí i."

Kílípà ń kùn lọ́wọ́ gẹ́rígẹ́rí, ó pa á. "Iṣan tèmi?"

"Tiyín ni."

"Ṣé ó lè gbé kílípà?"

"Kò tíì lọ́wọ́ báyìí."

"Bá mi sọ fún un kó ṣe kíá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú Afínjú dùn dé èékánná lọ́jọ́ náà, kò sì ronú pé òun ṣe ohun tó burú.

Burúkú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé gẹ́rígẹ́rí. Dókítà tó ń tọ́jú èémí rẹ̀ ti fún un ní ẹ̀rọ kan tó gbọ́dọ̀ máa fi sùn, ìbòmú rẹ̀ á bo imú àti ẹnu, ẹ̀rọ á máa ti atẹ́gùn sí i nínú. Bí ó bá ti sùn, iṣan èémí rẹ̀ kì í lè dá iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Dókítà kò fi ṣàwàdà, ó ní bí kò bá lo ẹ̀rọ yìí, ó lè sùn lọ́jọ́ kan kó má jí. Gẹ́rígẹ́rí ti ń fi ìkanra lò ó. Lẹ́yìn tí fóònù yẹn dún, ó fa okùn rẹ̀ yọ lára ògiri, ó fi aṣọ tí wọ́n fi ń bo oníbàárà bò ó mọ́lẹ̀ ní igun yàrá, ó sì ń sá tówẹ́lì lé e lórí.

Ìyàwó rẹ̀ pe Afínjú. "Àǹtí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ó ti pa ẹ̀rọ yẹn tì, tówẹ́lì ló ń sá lé e lórí. Bó bá sùn báyìí, èémí rẹ̀ á dákẹ́, mo máa ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó tún mí. Èmi ò rorun sùn mọ́."

Afínjú bá a sọ̀rọ̀ lóòótọ́. "Bùọ̀dá mi, ẹ máa lo ẹ̀rọ yẹn ná. Ohun tí mo sọ, ó ṣì máa pẹ́ díẹ̀."

"Pípẹ́ ni yóò pẹ́, dídé ni yóò dé," gẹ́rígẹ́rí fèsì. "Ṣé kí n máa so ara mi mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ nígbà tí iṣan mi ti wà lọ́nà? Àbúrò mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe aráàta. Ẹnu ìwọ Afínjú kì í sọ ohun tí kò mọ́."

Ó yẹ kó jà. Kò jà. Ó dùn mọ́ ọn pé ẹ̀gbọ́n òun gba òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó pé kó fi sùúrù sí i.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá pè é wọ ọ́fíìsì lọ́sàn-án, ó ní kó ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan ti tó ohun tí ọkàn ń já sí, nítorí ooru máa ń mú Ọ̀gá, kì í tilẹ̀kùn.

"Bùọ̀dá rẹ yìí," ni Ọ̀gá wí, "ṣé ọkùnrin ni?"

Afínjú rò pé àwàdà ni. "Ọkùnrin ni, mà. Ó ní irùngbọ̀n, ó sì lágídí."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i. "Ohun tó wà nínú abọ́ yẹn, obìnrin ni."

Afínjú wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ó tún un kà.

"Mo ní kí wọ́n fi wé ti gbogbo àwa tí a fi awọ sílẹ̀ níbí," Ọ̀gá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ìwọ ni. Kò sí ti bùọ̀dá rẹ níbẹ̀ mọ́, kò ku ẹyọ kan."

Kò pẹ́ tí Afínjú ronú kó tó rántí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì gẹ́rígẹ́rí ń kú lọ ni, tí oúnjẹ wọn sì ku ìgò kan ṣoṣo nínú fíríìjì. Ohun tó yẹ ni kó bu ìgò náà sí méjì, kó fi ọ̀kan bọ́ tirẹ̀, kó fi ìkejì bọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, òun á tẹ̀ lé òfin. Ó fún ti ara rẹ̀ lóúnjẹ ṣáájú, torí pé alára líle ni. Pìpẹ́ẹ̀tì kan abọ́, ó padà sínú ìgò. Lẹ́yìn náà ló wá bu ti inú ìgò yẹn kan náà fún ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rántí pé ara òun balẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé òun tilẹ̀ yin ara òun. Òfin ti kọ́ wọn láti máa ṣọ́ alára líle lọ́wọ́ aláìsàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn láti ṣọ́ aláìsàn lọ́wọ́ alára líle. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ti tó: ó bọ́ sínú ilé ẹni tí kò lókun, ó rí àyè, ó jẹun, ó bímọ, ó gba gbogbo ilé.

Iṣan tó mọ́ tónítóní tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni wò sàn lára rẹ̀. Kò ṣàìsàn rí.

"Èyí tí a kó pamọ́ sínú yìnyín ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kó o síbẹ̀. Ìwọ náà ni." Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jẹ́ kó fì sí àyà. "Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ju wá lọ. Dà á nù, ká tún bẹ̀rẹ̀. A ó nílò awọ mìíràn lọ́wọ́ bùọ̀dá rẹ. Ṣé o kò sọ fún un, àbí o sọ?"

"N ò sọ, mà."

"Ó dáa. A jẹ́ pé kò sí ohun tó bàjẹ́ ju abọ́ lọ. Sọ fún un pé a fẹ́ gba díẹ̀ sí i."

Afínjú padà sínú yàrá, ó fọwọ́ dé ìgúnpá, ó wọ gbogbo ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ó gbé àwọn abọ́ náà jáde nínú àpótí olóoru. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n sanra, wọ́n dán, ara wọn dá ṣáṣá, inú sì bí i sí wọn gidigidi. Ó da bílíìṣì lé wọn. Omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú abọ́ di funfun, iṣan sì tú kúrò nílẹ̀ abọ́ bí awọ ojú ògì gbígbóná. Ara rẹ̀ ni, kò sì dùn ún níbì kankan.

Ó rọrùn láti dákẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sí i lẹ́nu: a fẹ́ gba díẹ̀ sí i. Gẹ́rígẹ́rí á fún wọn ní awọ, á máa fi ìrètí rẹ̀ jẹun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, bóyá kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́ á ti dé. Afínjú ro èyí dáadáa bó ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́, kò sì ṣe bí ẹni pé kò wu òun. Ohun tó bà á jẹ́ fún un ni tówẹ́lì yẹn, tówẹ́lì tútù tí wọ́n sá lé ẹ̀rọ lórí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú abọ́ ti kú tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ń sùn láìsí èémí nítorí ohun tí òun sọ.

Kò dúró kí iṣẹ́ parí. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, gẹ́rígẹ́rí ń gẹ etí ọkùnrin sísanra kan lórí àga kúkúrú, ìgúnpá rẹ̀ wà lórí èjìká ọkùnrin náà láti fi gbé ara ró. Irun gígé bo apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ wo ẹni tó dé!" ó wí fún oníbàárà. "Àbúrò mi nìyí, òun ló ń sin iṣan mi. Ṣé ó ti tó gbé kílípà?"

"Ẹ kú iṣẹ́, bùọ̀dá mi. Ẹ parí ti ọ̀gá yìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Gẹ́rígẹ́rí wò ó nínú dígí. Ó parí etí kejì, oníbàárà fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde, ó lọ. Afínjú kò mọ ibi tó máa jókòó sí, ó wá jókòó sórí àga kúkúrú yẹn, orúnkún rẹ̀ gòkè.

"Bùọ̀dá mi, irọ́ ni mo pa fún yín. N ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo pa á. Iṣan tí mo ní ó mọ́ yẹn, kì í ṣe tiyín. Tèmi ni. Ìgò kan náà ni mo fi bọ́ wa, tèmi bọ́ sínú tiyín."

"Wọ́n wá jọ ń gbé?"

"Rárá. Tèmi gba gbogbo rẹ̀."

Gẹ́rígẹ́rí fi ẹ̀yìn ti pákó tó ń to kílípà sí. Ó mí sínú, èyí kò tó, ó tún mí òmíràn lé e. "Tèmi wá ńkọ́?"

"Wọ́n kú."

"Ìgbà wo?"

"Kó tó di pé mo pè yín."

"Ìyẹn ni pé, nígbà tí ẹ ń pàtẹ́wọ́, mo ti kú."

Omijé bọ́ lójú Afínjú, ó jẹ́ kó máa bọ́.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," gẹ́rígẹ́rí wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fá tèmi lẹ́yìn mi, ẹ tún jó lé e." Kò pariwo. Èémí tó fi ń pariwo kò sí mọ́, ìyẹn sì ni Afínjú kò lè fara dà. "Èmi náà sì jó o. Mo ti sọ fún gbogbo orí tó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí."

"Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wọ̀ tí ẹ bá fẹ́ sùn. Kò sí iṣan kankan lọ́nà, bùọ̀dá mi. Ó lè dé lọ́jọ́ kan, n ò mọ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà báyìí."

Gẹ́rígẹ́rí mú búrọ́ọ̀ṣì, ó gbá irun kúrò lórí kílípà kan, ó gbé e sílẹ̀, ó mú ìkejì. Afínjú ń wò ó nínú dígí.

"Ìyá ilé," ó ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Ohùn náà kò jìnnà, ó tún un pè. "Bá mi kó tówẹ́lì kúrò lórí nǹkan yẹn. Kó o sì ki okùn rẹ̀ bọ ògiri."

Obìnrin náà yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó wo ọkọ, ó wo àbúrò ọkọ, ó padà wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ tí ẹ̀rọ fi ohùn tíntín sọ pé òun ti tàn.

"Ta lẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ?" ni gẹ́rígẹ́rí bi í.

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lọ́jọ́ ìgò. Ìwọ àti èmi, ta lo kọ́kọ́ bọ́?"

"Èmi." Ó nu ojú. "Òfin ibẹ̀ ni. Alára líle ni kó kọ́kọ́ jẹun."

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "O jẹun ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ, o wá jẹ tèmi mọ́ ọn. Láyé ìyá wa, ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí."

"Ìgò tiyín á máa dá wà láti ìsinsìnyí, bùọ̀dá mi. A ò ní jọ jẹ mọ́."

"Mo ní, ta ló máa kọ́kọ́ jẹun?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Wọ́n fẹ́ awọ mìíràn, àbí wọn ò fẹ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí omijé nìkan lo ṣe wá."

"Wọ́n fẹ́. Kì í ṣe níbí, ilé ìwòsàn lẹ máa wá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe níbí, ṣé mo ní kí o fi kílípà bù ú ni? Mo fẹ́ kí o rí i pé ó ṣì kù ni."

Ó na apá òsì sí i. Apá náà gòkè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Afínjú dìde lórí àga kúkúrú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìgúnpá rẹ̀ sókè, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú irun gbogbo ènìyàn lára rẹ̀. Kò rántí pé òun kò tíì fọwọ́.